Orí Kẹfà: Ìbọn, Ẹsẹ̀ àti Ilẹ̀: Bí A Ṣe Ń Dá Iye Lé Ọkọ̀ Ogun Nínú Eré Orí Tábìlì

Ohun tí orí yìí wà fún

Nígbà tí ẹ bá ka orí yìí tán, tí ẹ sì ṣe iṣẹ́ tó wà níparí rẹ̀, ó yẹ kí ẹ lè:

(a) sọ ohun mẹ́ta tí a fi ń díwọ̀n ọkọ̀ ogun nínú eré orí tábìlì;
(b) ṣe ìṣirò iye tó tọ́ sí ọkọ̀ kan, kí ẹ sì sọ ìdí tí àròpọ̀ lásán kò fi tó;
(d) tún òfin ṣe nígbà tí ọkọ̀ kan bá ń yìnbọn tó sì ń sá, tí ẹnikẹ́ni kò lè bá a;
(e) fi ìrísí ilẹ̀ gúúsù Èkìtì ṣàlàyé ìdí tí ọkọ̀ kan náà fi lè wọ́n níbì kan, kó sì pọ́ọ́kú níbòmíràn.

6.1 Eré tí ọwọ́ méjèèjì kò ti dọ́gba

Nínú ayò ọlọ́pọ́n, kò sí ẹni tó ń bèèrè bóyá ọmọ ayò tèmi lágbára ju tìẹ lọ. Ojú ọpọ́n jẹ́ 12, ọmọ ayò jẹ́ 48, ọmọ 4 ló sì ń wà nínú ojú kọ̀ọ̀kan kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí èmi ní náà ni ìwọ ní. Bí ọ̀ta (ẹni tó mọ ayò ta) bá pa ọ̀pẹ (ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta), gbogbo ayé mọ̀ pé ọgbọ́n ló fi pa á.

Eré ogun orí tábìlì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan lè kó ọ̀wọ́ mẹ́wàá ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ wá, kí ẹnì kejì gbé ọkọ̀ ogun onírin méjì kalẹ̀. Ère kéékèèké ni gbogbo wọn, a ń fi rúlà wọn ibi tí wọ́n lè rìn dé, a sì ń ta dáìsì olójú mẹ́fà bíi ti Lúdò láti mọ ẹni tí ọta bà. Bí ẹlẹ́sẹ̀ bá pàdánù, ó lè jẹ́ pé ẹni tó ń tà á kò gbọ́n. Ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó kọ òfin ló ti pa á kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tó ń kọ òfin ni kó dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo: ọkọ̀ kan tó ọ̀wọ́ ẹlẹ́sẹ̀ mélòó?

Ìbéèrè yìí ti pẹ́. Ní 1824, ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun kan ní Prussia, Georg von Reisswitz, gbé eré kan jáde tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọ̀gá ológun lórí máàpù, pẹ̀lú dáìsì àti adájọ́. Ní 1913, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì H. G. Wells kọ ìwé Little Wars fún eré tí a ń fi ọmọ ogun kéékèèké ṣe nílẹ̀ yàrá. Nínú òfin Wells, ẹlẹ́sẹ̀ ń rin ẹsẹ̀ bàtà 1 ní ìyípo kan (ìyẹn ìgbà kan tó bá kàn án láti rìn), ẹlẹ́ṣin ń rin 2. Ní ti ìbọn ńlá, Wells fi okùn sí i lẹ́sẹ̀: ó lè rìn, ó sì lè yìn, ṣùgbọ́n kò lè ṣe méjèèjì ní ìyípo kan náà. Bí ó bá dúró, ó lè yìn tó ẹ̀ẹ̀mẹrin. Bí ọmọ ogun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò bá sì pé mẹ́rin, kò lè ṣe ìkankan. Ohun tí Wells rí nígbà náà ni orí yìí dá lé: a kò lè dá iye lé ìbọn kí a má wo ẹsẹ̀ tó gbé e, a kò sì lè dá iye lé ẹsẹ̀ kí a má wo ilẹ̀ tó ń tẹ̀.

6.2 Ohun mẹ́ta tó wà lára ọkọ̀ ogun

Ohun mẹ́ta là ń wò lára ọkọ̀ ogun èyíkéyìí. Èkíní ni *agbára ìbọn*: ọta mélòó ló ń bà ní ìyípo kan, báwo ló sì ṣe jìnnà tó? Èkejì ni *ìfaradà*: ọta mélòó ni yóò bà á kó tó kú? Ẹ̀kẹta ni *ìrìn*: íńṣì mélòó ló ń lọ ní ìyípo kan?

Ẹ wo ọkọ̀ méjì tí Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Nàìjíríà lò nínú ogun abẹ́lé láàárín 1967 sí 1970. Saladin jẹ́ ọkọ̀ onírin onítáyà mẹ́fà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó gbé ìbọn ńlá tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 76. Ferret, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, ní táyà mẹ́rin, ìbọn arọ̀jò-ọta ló gbé, ó fúyẹ́, ó sì yára ju Saladin lọ lójú títì. Iṣẹ́ amí ni wọ́n ṣe é fún. Ní ti Biafra, wọ́n rọ ọkọ̀ onírin tiwọn tí wọ́n ń pè ní Red Devil. Irin tí wọ́n dì mọ́ ọn mú kó wúwo kó sì máa wọ́. Ẹni tó bá dé Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ogun ní Umuahia, tí wọ́n ṣí ní 1985, yóò rí i níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni pé ẹni tó ń rọ ọkọ̀ gidi ní olùṣọ́ tó ń bá a wí. Bó bá fi irin kún un, ọkọ̀ yóò wúwo. Bó bá gbé ìbọn tó tóbi sí i, ẹ́ńjìnnì yóò sunkún. Ṣùgbọ́n bébà kò ní ìwúwo. Ẹni tó ń kọ òfin eré lè fi ìlà kan kọ ọkọ̀ tó yára bí Ferret, tó gbé ìbọn ju ti Saladin, tí ọta kò sì ràn. Ohun kan ṣoṣo tó lè dá a dúró ni iye tí a dá lé e, èyí tí a ó máa kà ní *àmì*.

Fún orí yìí, àwa fúnra wa la fún àwọn ère wa ní nọ́ńbà wọ̀nyí. Nọ́ńbà eré ni wọ́n, wọn kì í ṣe ìwọ̀n ọkọ̀ gidi. Ọta máa ń bà nígbà tí dáìsì bá mú 4, 5 tàbí 6, ìyẹn ni pé ìdajì dáìsì ló ń bà.

| Ère | Dáìsì | Ọta tó ń bà (ìpíndọ́gba) | Ìfaradà | Ìrìn (íńṣì) | Ibi tí ìbọn dé (íńṣì) |
|---|---|---|---|---|---|
| Ọ̀wọ́ ẹlẹ́sẹ̀ | 2 | 1 | 1 | 6 | 12 |
| Ferret | 4 | 2 | 2 | 18 | 12 |
| Saladin | 8 | 4 | 4 | 12 | 24 |
| Àgbá (ìbọn ńlá) | 18 | 9 | 1 | 3 | 36 |

Nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan, ẹlẹ́sẹ̀ ló ń kọ́kọ́ rìn, ọkọ̀ ń rìn tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn yóò yìnbọn lẹ́ẹ̀kan náà.

6.3 Ìsọdipúpọ̀ ni, kì í ṣe àròpọ̀

Ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́kọ́ ṣe ni pé kí wọ́n ro ọta tó ń bà pọ̀ mọ́ ìfaradà. Ọ̀wọ́ ẹlẹ́sẹ̀ yóò jẹ́ 1 + 1 = 2. Àgbá yóò jẹ́ 9 + 1 = 10. Ìyẹn ni pé àgbá kan tó ọ̀wọ́ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún.

Ẹ gbé e sórí tábìlì kí ẹ wò ó. Bí ọ̀wọ́ márùn-ún bá ti súnmọ́ àgbá, ọta márùn-ún ni wọn yóò yìn bà á, bẹ́ẹ̀ ẹyọ kan péré ti tó láti pa á. Àgbá yìí ní apá, kò ní àyà. Ẹni tó san owó ọ̀wọ́ márùn-ún lórí rẹ̀ ti jẹ gbèsè.

Frederick Lanchester, onímọ̀ ẹ̀rọ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìṣirò kan jáde nínú ìwé rẹ̀ ti 1916 lórí ọkọ̀ òfuurufú lójú ogun. Ó ní bí gbogbo ọmọ ogun bá lè yìnbọn sí ẹni tí wọ́n fojú sùn, agbára wọn kì í pọ̀ bí iye wọn ṣe pọ̀, bí ìsọdipúpọ̀ iye náà pẹ̀lú ara rẹ̀ ló ṣe ń pọ̀. Ènìyàn 2 ní agbára 4, ènìyàn 3 ní agbára 9. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ tó pọ̀ ń yìn ọta púpọ̀, ọta tí wọ́n ń yìn sí wọn sì ń pín sáàárín wọn.

Láti inú èyí, a lè kọ agbára ẹgbẹ́ kan báyìí:

Agbára = (iye ère × iye ère) × ọta tó ń bà × ìfaradà

Saladin kan: 1 × 1 × 4 × 4 = 16. Ọ̀wọ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin: 4 × 4 × 1 × 1 = 16. Wọ́n dọ́gba. Ẹ dán an wò: nínú ìyípo kan, Saladin yóò yìn bá ọ̀wọ́ mẹ́rin, ọ̀wọ́ mẹ́rin yóò sì yìn bá a lẹ́ẹ̀mẹrin. Gbogbo wọn yóò kú pọ̀.

Nítorí náà, iye ère kan ni gbòǹgbò ìsọdipúpọ̀ yẹn, ìyẹn nọ́ńbà tí a bá fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ tí yóò fún wa ní iye yẹn:

Iye = 10 × √(ọta tó ń bà × ìfaradà)

- Ọ̀wọ́ ẹlẹ́sẹ̀: 10 × √1 = 10 àmì
- Ferret: 10 × √4 = 20 àmì
- Saladin: 10 × √16 = 40 àmì
- Àgbá: 10 × √9 = 30 àmì

Àgbá ti wálẹ̀ láti ọ̀wọ́ márùn-ún sí mẹ́ta. Kódà, iye yìí ṣì lè ga jù fún un, nítorí pé bí ọta mẹ́sàn-án bá bà níbi tí ọ̀wọ́ mẹ́ta péré wà, mẹ́fà ti ṣòfò. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ìṣirò ń fún wa ní ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀, eré títa ló ń sọ ibi tí a ó parí sí.

Ẹ ó ti rí i pé ìrìn kò sí nínú ìṣirò yìí rárá. A mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni, torí òun ló le jù.

6.4 Ọkọ̀ tó ń yìnbọn tó sì ń sá

Ẹ gbé Saladin kan sórí pápá gbalasa. Àyè tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dé etí tábìlì jẹ́ íńṣì 18. Ẹlẹ́sẹ̀ dojú kọ ọ́ láti íńṣì 24.

Ìyípo kìíní: ẹlẹ́sẹ̀ rin 6, ó ku 18 láàárín wọn. Saladin fà sẹ́yìn 6, ó tún di 24. Ó yìnbọn, ọ̀wọ́ mẹ́rin ṣubú. Ìbọn ẹlẹ́sẹ̀ kò ju 12 lọ, nítorí náà wọn kò lè dá a padà.
Ìyípo kejì àti ìkẹta: bákan náà, ọ̀wọ́ mẹ́jọ mìíràn ṣubú.
Ìyípo kẹrin: Saladin ti dé etí tábìlì, kò lè fà sẹ́yìn mọ́. Ẹlẹ́sẹ̀ dé 18. Ọ̀wọ́ mẹ́rin tún ṣubú.
Ìyípo karùn-ún: ẹlẹ́sẹ̀ dé 12. Ìgbà yìí ni wọ́n tó yin ọta àkọ́kọ́.

Ọ̀wọ́ 16 ti ṣubú kí Saladin tó gbọ́ ariwo ìbọn kankan. Àmì 160 ni, bẹ́ẹ̀ àmì 40 péré la dá lé e. Ìbọn rẹ̀ kò pọ̀ jù, ìrìn rẹ̀ kò pọ̀ jù. Nígbà tí ìrìn gígùn, ìbọn tó jìnnà àti òfin tó jẹ́ kó lè ṣe méjèèjì pọ̀ bá pàdé lára ère kan ni wàhálà dé.

6.5 Oògùn mẹ́rin

*Èkíní: kó yan ọ̀kan.* Ìyẹn òfin Wells. Bí Saladin bá rìn, kò ní yìn. Bó bá dúró síbi tó wà, ẹlẹ́sẹ̀ yóò dé 18 ní ìyípo kìíní, wọn yóò sì dé 12 ní ìkejì. Ọ̀wọ́ mẹ́rin péré ni yóò ṣubú kí ẹlẹ́sẹ̀ tó dáhùn, kì í ṣe 16. Òfin yìí tọ́ sí ìbọn ńlá tí ènìyàn ń fọwọ́ tì, ṣùgbọ́n ó le jù fún ọkọ̀ tí wọ́n rọ kó lè máa yìnbọn nígbà tó ń lọ.

*Èkejì: kó san díẹ̀.* Ọkọ̀ tó bá rìn yóò ta ìdajì dáìsì rẹ̀. Saladin yóò mú ọ̀wọ́ 2 nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan fún ìyípo mẹ́ta, kó tó mú 4 ní ìyípo kẹrin. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 10. Ó dín sí 16, ṣùgbọ́n ó ṣì pọ̀. Òfin yìí nìkan kò tó.

*Ìkẹta: kí ara rẹ̀ má rí bákan náà níbi gbogbo.* Fún ọ̀pọ̀ ọdún, nínú eré Warhammer 40,000 tí ilé iṣẹ́ Games Workshop gbé jáde ní 1987, ààbò iwájú ọkọ̀, ti ẹ̀gbẹ́ àti ti ẹ̀yìn kì í ṣe ọ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ ló rí nínú ẹ̀dà kẹta tó jáde ní 1998. Èyí sọ ìrìn di ohun ìjà fún ẹni tó ń kọlu ọkọ̀: ẹni tó bá yí i po yóò rí àyè gbà á mú. Ẹ̀dà kẹjọ ti 2017 mú òfin yẹn kúrò kí eré lè yá. Ohun tó yá ló yá, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń yí ọkọ̀ po kò fi bẹ́ẹ̀ níye lórí mọ́.

*Ìkẹrin: kí ọta lè ba ẹsẹ̀ jẹ́.* Nínú eré Ogre tí Steve Jackson ṣe ní 1977, ẹ̀rọ ogun arabarìbì kan ṣoṣo ló ń kojú odidi ẹgbẹ́ ọmọ ogun. Oríṣi kan nínú rẹ̀, Mark III, ní ẹyọ ẹsẹ̀ 45, ìrìn rẹ̀ sì jẹ́ 3. Nígbàkígbà tí 15 bá bàjẹ́ nínú ẹyọ ẹsẹ̀ yẹn, ìrìn rẹ̀ á fi 1 dín. Ẹni tó ń dáàbò bo ilé lè yàn: ṣé kí n fọ́ ìbọn rẹ̀ ni, àbí kí n gé e lẹ́sẹ̀? Òfin yìí dára nítorí pé ó fi ìrìn sínú ohun tí a lè jà sí. Kò tún sí ẹni tó ń wo ọkọ̀ tó ń sá lọ láìrí nǹkan ṣe.

Oògùn karùn-ún wà, òun ló sì wúlò jù fún wa níbí. Ẹ padà sí Saladin wa, ẹ má fọwọ́ kan òfin rẹ̀ rárá. Ẹ kàn gbé àpáta kan sí íńṣì 6 lẹ́yìn rẹ̀. Ìyípo kìíní, ó fà sẹ́yìn 6, ó mú ọ̀wọ́ 4. Ìyípo kejì, àpáta dí i, ẹlẹ́sẹ̀ dé 18, ó mú 4. Ìyípo kẹta, ẹlẹ́sẹ̀ dé 12, wọ́n ń yìn ín padà. Ọ̀wọ́ 8 dípò 16. Àpáta kan ṣoṣo ti gé èrè rẹ̀ sí méjì.

6.6 Ilẹ̀ ló ń dá iye lé ẹsẹ̀

Ẹni tó bá gba títì láti Àkúrẹ́ wọ Adó-Èkìtì yóò gba Ìkẹ́rẹ́ kọjá, kò sì sí bí kò ṣe ní rí Olósùnta àti Òròlé, àpáta ńláńlá tó yọ láti inú ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Bó bá yà sí ìhà ìlà-oòrùn lọ sí Ìsẹ̀ àti Ẹ̀mùrẹ́, igbó, oko kòkó àti odò ni yóò máa pàdé. Ọkọ̀ tó bá kúrò lójú títì níbẹ̀, ó di dandan kó wá ẹni tí yóò tì í.

Ìtàn ti fi ẹ̀rí èyí hàn tipẹ́. Ẹṣin ni ọkọ̀ ogun ayé àtijọ́, Ìlọrin ló sì ní in jù nílẹ̀ Yorùbá. Ní pápá, kò sẹ́ni tó lè dúró níwájú wọn. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti di igbó, eré ẹṣin á pin, kòkòrò inú igbó a sì tún máa pa á. Ní nǹkan bí 1840, ẹlẹ́sẹ̀ Ìbàdàn ṣẹ́gun ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ní Òṣogbo, òru ni wọ́n sì kọlù wọ́n. Ní oṣù kọkànlá 1878, nínú ogun Jálumi nítòsí Ìkirun, odò Ọ̀tìn dí ọ̀nà mọ́ àwọn ọmọ ogun Ìlọrin tó ń sá, ọ̀pọ̀ sì bómi lọ. Ẹṣin náà ni ẹṣin. Ilẹ̀ ló yí padà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀rí mìíràn wà láti ọwọ́ ọmọ àdúgbò wa fúnra rẹ̀. Láàárín 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà, gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi ìpàtẹ Wembley ní 1924, láti ibẹ̀ ló ti wọ British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Lójú ilẹ̀kùn náà, Ògògà jókòó lórí ìtẹ́, ó ń gba Captain Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, lálejò. Báwo ni òyìnbó náà ṣe dé? Àwọn aláàárù ló gbé e. Ìjọba tó ní ọkọ̀ ojú omi àti rélùwéè ń fi èjìká ọmọ ènìyàn rìn nígbà tó dé ilẹ̀ olókè wa. Ẹni tó bá ń ṣe eré nípa àkókò yẹn, tó wá fún ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní ìrìn tó ju ti aláàárù lọ, kò wo ilẹ̀kùn Ọlọ́wẹ̀.

Báwo la ó ṣe fi èyí sínú ìṣirò? Tábìlì wa gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6, ó sì fẹ̀ ní 4. Ẹ pín in sí àyè onígun mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 1. Àyè 24 ni yóò jẹ́. Ẹ ka iye àyè tí ọkọ̀ lè gbà kọjá láìdínwọ́ eré, kí ẹ wá ṣe òṣùwọ̀n ilẹ̀:

Òṣùwọ̀n ilẹ̀ = 0.5 + (àyè gbangba ÷ 24)

Bí gbogbo tábìlì bá jẹ́ pápá, òṣùwọ̀n jẹ́ 1.5. Bí ìdajì rẹ̀ bá jẹ́ pápá, ó jẹ́ 1, iye ọkọ̀ kò yí padà. Ẹlẹ́sẹ̀ kò nílò òṣùwọ̀n yìí nítorí pé kò síbi tí kì í wọ̀.

*Àpẹẹrẹ 1: tábìlì Ìkẹ́rẹ́.* Àpáta gba àyè 5, igbó àti oko kòkó gba 9, odò gba 2, títì àti gbangba gba 8. Òṣùwọ̀n = 0.5 + 8/24 = 0.83. Saladin: 40 × 0.83 = àmì 33.

*Àpẹẹrẹ 2: tábìlì pápá Ìlọrin.* Gbangba gba àyè 20. Òṣùwọ̀n = 0.5 + 20/24 = 1.33. Saladin: 40 × 1.33 = àmì 53.

Saladin kan náà ni, ìbọn kan náà, irin kan náà. Àmì 20 ló wà láàárín Ìkẹ́rẹ́ àti Ìlọrin. Ìdí nìyí tí ìwé òfin tó bá tẹ iye kan ṣoṣo fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí kò sọ irú tábìlì tí a ó fi ta eré náà, fi ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn tó ń ta á. Ẹni tó ní pápá yóò ní ọkọ̀ pọ́ọ́kú jù. Ẹni tó ní òkè yóò ní ó wọ́n jù. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ.

Ẹ má gbàgbé pé ilẹ̀ ń dí ojú bó ṣe ń dí ẹsẹ̀. Bí kò bá síbi tí a ti lè ríran kọjá íńṣì 12 lórí tábìlì, ìbọn tó ń dé 24 kò sàn ju èyí tó ń dé 12 lọ.

6.7 Ogun Kírìjì: ìbọn tó dára, ẹsẹ̀ tí kò lè kúrò

Àpẹẹrẹ tó tóbi jù fún orí yìí wáyé ní àríwá ìwọ̀-oòrùn gúúsù Èkìtì tí a wà, láàárín Ìmẹ̀sí-Ilé àti Ìgbájọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di 1893, Èkìtìparapọ̀ tí Ògèdèǹgbé ará Iléṣà jẹ́ olórí ogun rẹ̀, pẹ̀lú Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí, dojú kọ Ìbàdàn tí Ààrẹ Látòósà kó jáde. Ìbọn tí wọ́n ń ki láti ẹnu, irú èyí tí a mọ̀ sí ṣakabùlà, ni ọ̀pọ̀ ọmọ ogun ń lò níbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó fi ìbọn tuntun ránṣẹ́ sílé, irú bíi Snider, èyí tí wọ́n ń ki láti ìdí. Ọwọ́ tó bá mọ ìbọn ìgbàanì dáadáa kò lè yìn ín ju ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ ní ìṣẹ́jú kan. Snider lè tó ẹ̀ẹ̀mẹwàá.

Kí ló dé tí ẹni tó ní ìbọn tó yá tó bẹ́ẹ̀ kò fi parí ogun náà ní ọdún kan? Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká fún ṣakabùlà ní ọta 1, Snider ní ọta 3. Ẹni tó wà ní gbangba ní ìfaradà 1, ẹni tó wà nínú yàrà ogun tàbí lẹ́yìn odi ní ìfaradà 4.

| | Ní gbangba | Nínú yàrà |
|---|---|---|
| Ṣakabùlà | √1 = 1 | √4 = 2 |
| Snider | √3 = 1.73 | √12 = 3.46 |

Bí oní-Snider bá jáde láti kọlu yàrà oní-ṣakabùlà, 1.73 ń kojú 2. Bí oní-ṣakabùlà bá jáde láti kọlu yàrà oní-Snider, 1 ń kojú 3.46. Ẹni yòówù tó bá kọ́kọ́ kúrò nínú yàrà ló jẹ̀bi. Ìbọn tuntun mú kí Èkìtìparapọ̀ lè dúró láìyẹsẹ̀, kò fún wọn ní ẹsẹ̀ tí wọn yóò fi kọjá àfonífojì tó wà láàárín wọn. Ìdúró-sójú-kan náà ló ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Látòósà kú sí ibùdó ogun ní 1885, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 1886, síbẹ̀ ó di 1893 kí ibùdó méjèèjì tó tú pátápátá.

Ohun púpọ̀ ló wà nínú ogun yẹn ju nọ́ńbà lọ: ìṣèlú, oúnjẹ, ẹ̀tù àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kó wọn wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ òfin eré gbọ́dọ̀ mú un bẹ́ẹ̀: bí o bá fi kún ìbọn tí o kò fi kún ẹsẹ̀, eré rẹ yóò di ìdúró. Bí o bá fi kún ẹsẹ̀ tí o kò fi okùn sí ìbọn, eré rẹ yóò di ìsáré.

6.8 Bí a ṣe ń dán òfin wò

1. Ẹ ta eré náà ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá pẹ̀lú àmì tó dọ́gba, kí àwọn méjèèjì pàrọ̀ ọwọ́ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kí ọ̀ta má fi ọgbọ́n rẹ̀ bo àléébù òfin mọ́lẹ̀.
2. Ẹ kọ ẹni tó borí sílẹ̀. Bí òfin bá dọ́gba lóòótọ́, ó ṣòro kí ọkọ̀ borí ní ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú mẹ́wàá: ọ̀nà 11 péré nínú 1,024 ni ìyẹn fi lè ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ fura sí òfin. Ṣùgbọ́n bó bá borí ní ẹ̀ẹ̀mẹfà, ẹ má tíì fọwọ́ kàn án.
3. Ẹ yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá dín ìrìn kù, tó sì tún dín dáìsì kù ní ọjọ́ kan náà, kò ní mọ èyí tó wo àrùn náà sàn.
4. Ẹ kọ́kọ́ yí tábìlì padà kí ẹ tó yí ọkọ̀ padà.

Àkótán

Agbára ìbọn àti ìfaradà ń sọ ara wọn di púpọ̀, nítorí náà gbòǹgbò ìsọdipúpọ̀ wọn la fi ń dá iye lé ère. Ìrìn kò ní iye tirẹ̀ àfi nígbà tí a bá mọ ilẹ̀ tí yóò tẹ̀ àti bóyá ó lè yìnbọn lẹ́yìn tó bá rìn. A lè fi òfin tún un ṣe nípa kíkó ọkọ̀ ní ìjánu nígbà tó bá rìn, nípa yíya iwájú sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀yìn, àti nípa jíjẹ́ kí ọta lè ba ẹsẹ̀ jẹ́. A sì lè fi ilẹ̀ tún un ṣe.

Iṣẹ́ ṣíṣe àti ìbéèrè

1. Ṣe ìṣirò iye Ferret lórí tábìlì tó ní àyè gbangba 15. Báwo ló ṣe yàtọ̀ sí iye rẹ̀ lórí tábìlì Ìkẹ́rẹ́?
2. Ọkọ̀ kan ní ọta 6 tó ń bà àti ìfaradà 6. Òmíràn ní ọta 9 àti ìfaradà 3. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 12. Èwo ló yẹ kó wọ́n jù, kí sì nìdí?
3. Lábẹ́ òfin Wells, Saladin inú 6.4 fi gbogbo ìrìn 12 rẹ̀ fà sẹ́yìn ní ìyípo kìíní láìyìnbọn, ó sì dúró yìnbọn láti ìyípo kejì lọ. Ọ̀wọ́ mélòó ni yóò mú kí ẹlẹ́sẹ̀ tó yìn ín? Ṣé òfin Wells tó fúnra rẹ̀?
4. Nínú tábìlì 6.7, fún àwọn oní-Snider ní àgbá kan tó ń sọ ìfaradà yàrà di 2. Ṣé ó ti yẹ kí wọ́n jáde báyìí? Fi ìṣirò hàn.
5. Ní ẹgbẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin, ẹ fi páálí àti amọ̀ ṣe tábìlì ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ sí Ìsẹ̀ dé Ẹ̀mùrẹ́. Ẹ rìn ín lẹ́sẹ̀ tàbí kí ẹ wo máàpù kí ẹ lè mọ ibi tí àpáta, odò àti oko wà. Ẹ ka àyè gbangba rẹ̀, kí ẹ dá iye lé Saladin, Ferret àti àgbá, kí ẹ sì ta eré náà ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ẹ jábọ̀ ohun kan ṣoṣo tí ẹ yí padà àti ìdí rẹ̀.